Àmù Kan fún Gbogbo Ilé-Ẹ̀kọ́ Kò Tọ́

Squid, ètò kọ̀ǹpútà tí ó dúró láàrin ilé-ẹ̀kọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń wọn ohun tí à ń fà bí ẹni ń wọn omi nínú àmù. Alákòóso ni yóò sọ iye tí àmù gbà, àti iye tí yóò máa ṣàn sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí àmù bá gbẹ, èyí tí ń ṣàn wọlé nìkan ni a ó máa rí mu. Àwọn kan a máa gbé àmù ẹyọ kan kalẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá! Ẹnìkan ṣoṣo tí ń fa fíìmù ni yóò fà á gbẹ, ẹni tí ń wá ìwé kà yóò sì jókòó lásán. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ó gba 1,000,000 báìtì, kí 50,000 sì máa ṣàn wọ inú rẹ̀. Ojú-ìwé òǹkàwé yóò ṣí kíá, nítorí omi wà nínú àmù rẹ̀ nígbà tí ó bá bèèrè. Fíìmù nìkan ni yóò máa wọ́. Ohun tí Squid sì ti ní nípamọ́ kì í dín àmù ẹnikẹ́ni kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú-ìwé HTTPS, tí ó pọ̀ jù lónìí, kì í sábà wọ inú ìpamọ́ náà.