Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yà Á

A kò fara mọ́ híhá ìṣirò sórí. Ẹ wo tánjẹ́ǹtì, ìlà gbọọrọ tó kan etí róbótó lójú kan ṣoṣo. Róbótó méjì tó jìnnà síra ní 4 tí wọ́n jọ ní: méjì gba ẹ̀gbẹ́, méjì dábùú ara láàárín. Bí wọ́n bá sún mọ́ra títí tí etí wọn fi kanra, méjì àárín á di ẹyọ kan. Ó ku 3. Bí etí wọn bá gé ara wọn, ti àárín á pòórá. Ó ku 2.

Ọmọ tó há 4, 3, 2 sórí lè gbàgbé nínú ìdánwò. Èyí tó ti fọwọ́ yà wọ́n yóò tún wọn yà. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ra kọ́ńpáàsì fún wọn.