Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí, àti Àgbá Wáìnì

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu ìrọ̀lẹ́. Adùn rẹ̀ a máa dínkù, agbára rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ìwúkàrà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi èso àjàrà ṣe ń di wáìnì, ṣùgbọ́n ti àjàrà a máa gba ọjọ́ púpọ̀. Bí ìwúkàrà bá dáwọ́ dúró ní agbede-méjì, tí ṣúgà ṣì kù, kòkòrò mìíràn lè wọlé, kí àgbá náà sì bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a sì ń kórè àjàrà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ nínú àgbá, ojú lásán kò tó o.

Ní ọdún 1800, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Herschel fi dígí onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè. Tẹmómítà rẹ̀ fi hàn pé ooru wà lẹ́yìn àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Apá tí ó sún mọ́ pupa jùlọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní near-infrared. Omi, ṣúgà àti ọtí, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì. Bí a bá tàn án sínú wáìnì, èyí tí ó là á já yóò sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ kíákíá, láìlo oògùn kankan. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Australian Wine Research Institute tẹ ìwádìí jáde bí wọ́n ti fi í tọpa àwọn ohun tí ń fún wáìnì pupa ní àwọ̀, bí ó ti ń ru lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìmọ́lẹ̀ náà kò mọ ohunkóhun fúnra rẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ fi ọwọ́ wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáìnì ní yàrá àyẹ̀wò, kí a sì fi èsì wọn kọ́ ẹ̀rọ. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá ṣìnà, ẹ̀rọ yóò máa ṣìnà lọ láìmọ̀. Ìyípadà ooru, èèpo àjàrà àti ìfófòó pẹ̀lú lè tàn án jẹ. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n a máa tún èsì rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà gbogbo.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé èsì tí ó yára, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí a ti ṣe yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò.