Kí Wọ́n Tó Yọ Eyín Ọgbọ́n

Yíyọ eyín ọgbọ́n tó há sínú egungun párì wọ́pọ̀, ó sì máa ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀ tí a kò rò pé àwọn aláìsàn ń gbọ́ nípa rẹ̀ tó.

Iṣan ìmọ̀lára kan gba inú egungun párì ìsàlẹ̀ kọjá, nítòsí gbòǹgbò eyín yìí gan-an. Òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mọ nǹkan lára. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Bí èyíkéyìí bá fara pa, ètè tàbí ahọ́n lè kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ̀lára náà ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Fún àwọn kan, kì í padà mọ́: ẹni náà á máa gé ètè ara rẹ̀ jẹ láìmọ̀, ọbẹ̀ á máa ṣàn lágbọ̀n rẹ̀ lójú àlejò. Ìyà gidi nìyẹn.

Láti ọdún 2000 ni NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ìlera kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n má yọ eyín ọgbọ́n tó há tí kò ní àrùn. A fara mọ́ ọn. Tó bá di dandan, àwòrán X-ray lè fi hàn bí gbòǹgbò ṣe sún mọ́ iṣan tó. Nígbà mìíràn, wọ́n lè gé orí eyín nìkan, kí wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ fi àwòrán náà han aláìsàn, kí ẹ sì ṣàlàyé ewu yìí lédè tó gbọ́, kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí wọn kò bá sọ, ẹ bi wọ́n.