Bí èdè Swahili ṣe ti etí òkun dé àjọ AU

Lóṣù Kejì ọdún 2022 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà, lábẹ́ àjọ AU, fẹnu kò pé kí èdè Swahili di ọ̀kan lára àwọn èdè tí àjọ náà yóò máa fi ṣiṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2021, àjọ UNESCO ti ya ọjọ́ keje oṣù Keje sọ́tọ̀ fún un. UNESCO ní àwọn tó ń sọ ọ́ lé ní 200 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló bá a lẹ́nu ìyá wọn. Báwo wá ni èdè àwọn díẹ̀ ṣe di ti ọ̀pọ̀?

Etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà ni Swahili ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí etí òkun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èyí ló mú kí àwọn kan máa rò pé èdè Lárúbáwá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹbí èdè Bantu ni, ó kàn yá ọ̀rọ̀ lò ni, bí Yorùbá náà ṣe yá àdúrà àti àlùbáríkà. Bí wọ́n bá ń ka oókà, ti Bantu ni moja, mbili, tatu. Ti Lárúbáwá ni sita, saba àti tisa.

Òwò ló kọ́kọ́ gbé e rìn. Afẹ́fẹ́ òkun a máa gbé ọkọ̀ àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà wá sí Mombasa, Kilwa àti Zanzibar. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn tó ń wá eyín erin àtàwọn tó ń kó ẹrú gbé èdè náà wọ inú ilẹ̀ lọ, títí dé Kóńgò. Nígbà tí ìjọba Jámánì dé, wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn yan ti Zanzibar pé òun ni kí wọ́n máa kọ sínú ìwé.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yà tó wà ní Tanzania lé ní 120. Ààrẹ Julius Nyerere, tó jẹ́ ọmọ Zanaki, kò gbé èdè bàbá rẹ̀ lé àwọn yòókù lórí. Swahili ló mú, nítorí kì í ṣe èdè ẹ̀yà ńlá kankan tí àwọn tó kù yóò máa bẹ̀rù. Lọ́dún 1967, ó di èdè tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dábàá láwọn ọdún 1970 pé kí gbogbo Áfíríkà mú un lò.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí rèé. Bí ọmọ Tanzania bá wọ iléèwé girama, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tó gbọ́ ìṣirò yékéyéké tẹ́lẹ̀ yóò wá máa há sórí. Àwọn olówó ti ń fi ọmọ wọn sí iléèwé aládàáni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti kékeré. Ọmọ tálákà ni ìyà náà ń jẹ.

Ọlá tí AU fún Swahili dára, ṣùgbọ́n lílò ló sọ ọ́ di ńlá. Lọ́dún 2021, ìjọba Tanzania ṣòfin pé òun ni kí wọ́n máa fi gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù. Bí àgbẹ̀ bá lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lédè tó yé e, ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ náà lè kẹ́kọ̀ọ́ lédè kan náà ní girama.