Kí A Má Gé Ewé Ẹ̀kan Kí A Fi Gbòǹgbò Sílẹ̀

Àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Asese kò lè gbàgbé ìyá kan tí ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè. Jẹjẹrẹ ọyàn kọlù wọ́n. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n gba oògùn, a sì ṣe ìdúpẹ́. Ọdún kejì kò tíì pé tí àìsàn náà fi padà dé, òun ni ó sì gba ẹ̀mí wọn. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń dà wá láàmú: níbo ni ohun tí a rò pé ó ti kú ti jáde wá?

Àgbẹ̀ tí ó bá ti bá ẹ̀kan jà rí mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó gé ewé tí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀, iṣẹ́ asán ni ó ṣe. Ní ọdún 1994, John Dick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto fi hàn pé nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni ó lè dá àrùn náà sílẹ̀ lákọ̀tun lára eku. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Michigan rí irú rẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ọyàn: 100 sẹ́ẹ̀lì péré tó láti hù ú, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì mìíràn kò lè hù ú. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ìyá. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ní wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá wà, oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ń yára pọ̀ sí i lè ré wọn kọjá níbi tí wọ́n sùn sí.

Ṣé kí a pa ìyá nìkan? Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì lásán lè gba ipò rẹ̀ bí àwọn tí ó yí i ká bá ránṣẹ́ sí i: ọba kú, ọba jẹ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní systems biology fi ṣe pàtàkì. Kì í wo jíìnì kan ṣoṣo. Ó ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tọ ipa gbogbo iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán sí ara wọn, kí a lè mọ àwọn ọ̀nà tí ó yẹ kí a dí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowe kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀ kan. Pọ́ọ̀lù pàápàá ti kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé ẹ̀yà ara kan kì í dá jìyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ẹni ńlá ní Chicago, wà lára àwọn tí wọ́n yẹ jíìnì obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 8 wọn ni ó jogún àbùkù jíìnì. Ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adebiyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Covenant University ń fi kọ̀ǹpútà wádìí kòkòrò ibà.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí a dáwọ́ àṣà kan dúró: ọmọ tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ohun alààyè, kí á má ṣe jẹ́ kí ó sá fún ìṣirò mọ́. Owó tí a ń dá fún àjọ̀dún yìí, kí ó ra kọ̀ǹpútà àti iná oòrùn kí ó tó kọ́ ẹnu-ọ̀nà tuntun. Àwọn kan yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa kéré fún irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkójọ ìwádìí jẹjẹrẹ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí yóò lè kà á ni ó kù.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tí ó bá rí kókó ní ọyàn, kí ó má ṣe fi àdúrà dípò àyẹ̀wò. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere, oníṣègùn ni.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá rí gbòǹgbò yìí fà tu lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ́ tí ìyá wa kọ́ wa kò já sí asán.