Òṣèré Yorùbá: etí ni ká fi wò ó

Ní Gbégamey, àríyànjiyàn lórí fíìmù a máa pẹ́ ju fíìmù náà lọ. Wákàtí méjì ni fíìmù lè gbà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹjọ́ rẹ̀ á wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti ẹnu àwọn obìnrin tí ń tajà lọ́jà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé lọ́sàn-án. Ta ló ṣeré jù? Ta ni wọn ì bá má fún ní ipa náà rárá? Ará Kétu wà nínú ẹjọ́ yìí, ará Sakété àti ti Pobè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Fọ̀n àti Gùn tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà kì í dákẹ́. Adùn àdúgbò ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, yóò rí i pé ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń dá a: ẹni tí aṣọ rẹ̀ dára, ẹni tí ó mọ idà lò, ẹni tí omijé rẹ̀ tètè bọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rántí pé ẹnu ni òṣèré Yorùbá fi ń ṣeré ju ohunkóhun lọ, àti pé etí ni ó yẹ kí a fi wò ó.

Ẹ mú Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Kúnlé Rẹ̀mí ni ó ṣe Sárò, ahunṣọ òfì tí ó wá jẹun ní ìlú Ọ̀yọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin Gbégamey ti dá Sárò láre kí ó tó la ẹnu. Ó ga, ó fani mọ́ra, ara rẹ̀ sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni di ojú, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan: yóò gbọ́ ọkùnrin tí ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ń gba orí òkúta kọjá odò, tí ó ń wo ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n kò sáré. Ìgbà tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé dé, tí ó ṣe obìnrin olówó tí ń fi ìkòkò ṣòwò, tí ó gba Sárò síṣẹ́, tí ó sì gbà á sílé, ni ìyàtọ̀ hàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ a máa kó ẹ̀rín, ìhalẹ̀ àti ìfẹ́ pọ̀. Ipa náà kò gùn. Síbẹ̀, nígbà tí ó kúrò nínú àwòrán, ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ilé.

Bíḿbọ́ Adémóyè, tí ó ṣe Arọ́lákẹ́, ayaba tí kò rí ayọ̀ láàfin, ni ó ṣòro jù láti dá lẹ́jọ́, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni ọgbọ́n tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ayaba kì í dáhùn. Àwọn kan sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn wọ̀nyí kò tí ì gbé nílé olórogún rí.

Orúkọ fíìmù náà gan-an ti sọ ìtàn náà kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. Àgbàlagbà tí ó gbọ́ ọ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àpò a máa lu. Ọmọ tí ó ń ka ìtumọ̀ tí ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán rí orúkọ àjèjì kan, ó sì ń dúró de ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ará Kétu tàbí Sakété bí sí Kútọ̀nú lónìí, Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, Fọ̀n ni wọ́n fi ń ṣeré lójú pópó, Yorùbá sì ti di èdè tí bàbá fi ń bá ìyá jà. Fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì ń mú wọn jókòó ti èdè náà fún wákàtí méjì gbáko. Kí sì ni wọ́n ń ṣe ní wákàtí méjì náà? Wọ́n ń kàwé. Ojú wọn kì í kúrò nísàlẹ̀ àwòrán. Nígbà tí wọn yóò bá fi gbé e sókè, ojú òṣèré ti yí padà, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá lọ.

Fíìmù tí èyí pa lára jù ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, iṣẹ́ ìkẹyìn Bíyì Bándélé, ẹni tí ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó fi fíìmù náà han aráyé ní Toronto ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 1975, ni Bándélé mú, ó sì dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà sí ẹnu Yorùbá. Nígbà tí àwọn ará Gbégamey gbọ́ pé Ọdúnladé Adékọ́lá ni ó ṣe Ẹlẹ́ṣin, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ rín. Ojú rẹ̀ ti di àwòrán àwàdà tí gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù. Ta ni yóò rí i tí yóò rántí ikú? Ẹ̀tàn ojú nìyẹn. Nígbà tí ó wọ ọjà, tí òun àti Olóhùn-Iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀rọ̀ síra wọn, ẹni tí ó bá di ojú kò ní rí aláwàdà mọ́. Ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn ayé kọjá kí ó lè fi í sílẹ̀ ni yóò gbọ́. Ìgbéraga wà nínú ohùn náà, ẹ̀rù sì wà lábẹ́ ìgbéraga.

Brymo, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí olórin, ni wọ́n fún ní ipa Olóhùn-Iyọ̀, ìpinnu rere sì ni. Àwọn kan ń ráhùn pé ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kò pọn dandan kí ó ṣe é. Ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe rí fún ọmọ tí ó ń kàwé nísàlẹ̀ àwòrán: lẹ́tà mélòó kan tí ó ṣòroó pè. Kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti tọ́ ọ wò kí akéwì náà tó la ẹnu. Shaffy Bello náà, tí ó ṣe Ìyálọ́jà, kò pariwo rárá. Nígbà tí ó lọ bá Ẹlẹ́ṣin nínú àtìmọ́lé, ó fi ọ̀rọ̀ nà án bí ìyá ṣe ń na ọmọ tí ó ti dàgbà kọjá pàṣán. Ilé ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó nìkan ni ó ti rẹ fíìmù náà: ibẹ̀ ni àwọn òṣèré ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka lẹ́tà sókè fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó bá padà sọ́jà, ó tún jí.

Jagun Jagun, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù, kò sì yani lẹ́nu: ogun wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀, igi sì ń gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu. Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ògúndìjì, ọ̀gá ogun. Ó fa ohùn rẹ̀ nípọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Àwọn àgbà kan ní ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kò nílò kí ó máa dẹ́rù bani léraléra. Lateef Adédiméjì, tí ó ṣe Gbọ́tíjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá kọ́ṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ rẹ̀, ni ó mọ̀ pé ọfọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kà jáde. Ó ní ibi tí a ti ń mí, ó ní ibi tí a ti ń dúró de ìdáhùn. Ohun kan ni àwọn ará Kétu máa ń sọ pẹ̀lú ẹ̀rín ìkorò nígbà tí wọ́n bá yin gbogbo wọn tán: Yorùbá Ọ̀yọ́ ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ohùn Kétu, ti Pobè tàbí ti Ìdáṣà kò sí lẹ́nu aṣáájú òṣèré kankan nínú wọn. Òótọ́ ni. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn àwọn òṣèré Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n ni ohùn náà ni kí wọ́n wá ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ yìí a máa gbóná sí i bí fíìmù bá dé orí Dàhòmì. Nínú House of Ga'a tí Bọ́lánlé Austen-Peters ṣe ní ọdún 2024, Fẹ́mi Branch fi ara àti ohùn tóbi bí Baṣọ̀run Gáà, ní àkókò tí Ọ̀yọ́ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Fíìmù The Woman King, tí Gina Prince-Bythewood ṣe ní ọdún 2022, mú ìtàn náà láti òdìkejì, ní ọdún 1823, nígbà tí Ọba Gẹ̀zó fẹ́ já ìdè náà. Níbẹ̀, Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá. Ẹni méjì lè jókòó lórí àga gígùn kan náà ní Gbégamey, ọ̀kan jẹ́ Fọ̀n, ìkejì jẹ́ Nàgó, kí àtẹ́wọ́ ọ̀kan sì máa dun ìkejì. Ará Kétu pàápàá ní ìdí tirẹ̀ láti dákẹ́: ní ọdún 1886 ni ọmọ ogun Dàhòmì wó ìlú rẹ̀, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Obìnrin tí ń gbé idà nínú àwòrán, tí ère rẹ̀ tó ga ní mítà 30 sì dúró ní Kútọ̀nú láti oṣù keje ọdún 2022, kì í ṣe akọni kan náà fún gbogbo ìdílé.

Bí a bá sì wá fi ti eré nìkan dá a lẹ́jọ́, Viola Davis ṣe iṣẹ́ ńlá. Ejìká rẹ̀ nìkan tó láti sọ pé obìnrin yìí ti jagun rí. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ní ilẹ̀ South Africa. Ọ̀pọ̀ tí ó wò ó ní Kútọ̀nú sì gbọ́ ọ ní Faransé, láti ẹnu ẹlòmíràn tí kò sí nínú àwòrán. Ohùn rẹ̀ gan-an kò dé etí wọn. John Boyega, tí ó ṣe Gẹ̀zó, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ni, ọ̀rọ̀ tí ó pa àwọn Nàgó lẹ́rìn-ín gidigidi, tí kò sì pa àwọn Fọ̀n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ọba tí ó ṣe fúyẹ́. Ó jókòó bí ọba, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí àrẹ̀mọ.

Gẹ̀zó tí ó ṣeré jù ú lọ, igi ni. Nínú Dahomey, fíìmù Mati Diop tí ó gba ẹ̀bùn gíga jù lọ ní àjọ̀dún Berlin ní oṣù kejì ọdún 2024, ère ọba náà, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ni ó ń sọ̀rọ̀ láti inú àpótí tí wọ́n dì í sí. Makenzy Orcel, òǹkọ̀wé ọmọ Haiti, bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà. Fọ̀n ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kò sí ojú tí ènìyàn lè wò. Ohùn nìkan ni, ó jìn, ó sì ń dún bí ohun tí ó ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn Fọ̀n tí wọ́n wò ó dẹ orí sẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́. Àgbàlagbà Nàgó tí ó ti ń fi Fọ̀n ná ọjà láti ogún ọdún rò pé òun náà yóò gbọ́ ọ. Fọ̀n ọjà ni ó mọ̀. Ti ààfin ga jù ú lọ. Kí ó tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ àwòrán, ó ń kàwé bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Nínú fíìmù kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Abomey-Calavi ti ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n dá padà àti èyí tí ó kù lọ́hùn-ún, Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń jà fún ohun ìní àwọn baba wọn.

Láti ìgbà náà, àwọn ilé kan wà ní Gbégamey tí wọ́n ti ń pa ìtumọ̀ náà kúrò lójú tẹlifísọ̀n. Àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n tún Jagun Jagun wò láìsí ìtumọ̀ kankan, ó sì gbà wọ́n títí di òru, nítorí gbogbo ìgbà ni ọmọ ń ní kí wọ́n dá a dúró kí òun béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá dáhùn díẹ̀, ìyá dáhùn díẹ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ kan nínú ọfọ̀ tí Gbọ́tíjà pè, àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n pe ìyá àgbà ní Kétu lórí fóònù, wọ́n sì gbé fóònù náà súnmọ́ tẹlifísọ̀n kí ó lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì béèrè pé ọmọ ta ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yẹn, tí ó mọ ọ̀rọ̀ í pè tó bẹ́ẹ̀.