Eruku Inú Ilé Ìtẹ̀wé Ṣómólú

Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Èkó tí kò jẹ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní gbèsè ọpẹ́. Nígbà tí ìdìbò bá ń kù sí dẹ̀dẹ̀, níbẹ̀ ni a ti í tẹ àwòrán olùdíje. Nígbà tí ìdánwò bá dé, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ í kó ìwé ìbéèrè lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti béèrè rí ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ń fà símú?

Eruku tí a ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi aṣọ nù lórí tábìlì. Ẹ̀rọ fótókọ́pì, tí ó ń lo lúbúlúbú dúdú tí à ń pè ní tónà, a máa tú èérún sínú afẹ́fẹ́, òmíràn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti to nǹkan bí 800 kí wọn tó kárí ìbú irun orí kan. Imú kò lè sẹ́ ẹ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bá lọ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Lowell ní Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde lórí ènìyàn 9 tí ara wọn le, tí a mú jókòó sí ilé fótókọ́pì fún wákàtí bí 6 lójúmọ́. Àmì ìwúlé hàn nínú imú wọn. Nínú ìtọ̀ wọn ni a sì ti rí ìlọsókè ohun kan tí í jáde nígbà tí nǹkan bá ṣe àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì léṣe, àbùdá tí ọmọ fi í jọ òbí. Ènìyàn 9 kéré, àwa kò sì sọ pé jẹjẹrẹ ti wọ Ṣómólú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni tiwọn. Ti ọmọ iṣẹ́ wa, ọdún ni.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé ìlú òyìnbó nìkan ni a ti mọ àyẹ̀wò yìí. Ní Ìbàdàn, Adékúnlé Bákàrè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde ní 2019, nínú èyí tí wọn fi èérún fàdákà àti ti ọ́sáìdì bàbà dán ẹja àrọ̀ wò, wọn sì ka kóró kéékèèké tí ó já kúrò lára kóró ńlá nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀rí pé àbùdá ti fara pa. Ó pọ̀ sí i. Tónà kọ́ ni wọn yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ wa. Gbòǹgbò àlùbọ́sà pàápàá tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá bá wà.

Kí a sì ṣọ́ra fún ìwé-ẹ̀rí tí oníṣòwò yóò gbé wá. Àyẹ̀wò tí Bruce Ames gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, tí a fi kòkòrò àìrí ṣe, dára púpọ̀ fún oògùn tí ó yòrò. Ṣùgbọ́n èérún wọ̀nyí kì í sábà ráàyè gba ara ògiri kòkòrò náà kọjá. Nígbà tí ìwé bá wí pé kò sí ewu, ó lè jẹ́ pé eruku náà kò wọlé rárá. A ti ilẹ̀kùn mọ́ olè síta, a wá ń jẹ́rìí pé kò jalè! Ní 2021, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Yúróòpù wí nípa titanium dioxide, ohun tí í sọ ọ̀dà, tádà àti oúnjẹ mìíràn di funfun, pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé kì í ba àbùdá jẹ́. Ní 2022 ni wọn yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Iyèméjì nìkan ti tó wọn.

Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akọka. Ẹsẹ̀ ni ènìyàn lè fi rìn láti ibẹ̀ dé Bàrígà. A ń béèrè pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lówó láti gbá eruku inú ilé ìtẹ̀wé jọ, kí wọn yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹja àti àlùbọ́sà, kí wọn sì ka èsì rẹ̀ fún àwọn atẹ̀wé ní èdè Yorùbá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà kò gbọdọ̀ wò níran. Kí èsì tó dé, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bo imú, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ tónà dànù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí olùdíje yín bá tún rán yín lọ tẹ àwòrán rẹ̀ ní Ṣómólú, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iye tí yóò yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nínú ètò ìnáwó.